Kwara Tí Bàbá Ń Bèèrè

                                                            Koira Kano,
                                                            Àpótí Lẹ́tà 1147,
                                                            Niamey, Niger.
                                                            Ọjọ́ kejì, oṣù Kejì, ọdún 2025.

Ẹ̀gbọ́n mi Wòsílátù, ọ̀wọ́n bí ojú,

Àsàlámù àlékúmù. Ṣé dáadáa ni ẹ wà? Ṣé ara ń le? Orúnkún tó máa ń dùn yín nígbà ọyẹ́ ńkọ́? Ẹ kú ọyẹ́ yìí o. Tiwa níbí ti kọjá ọyẹ́, eruku aṣálẹ̀ ló wọ̀lú tó ní òun kò lọ mọ́. Àwo tí a bá fọ̀ láàárọ̀, kí ọ̀sán tó pé, èèyàn lè fi ìka kọ orúkọ ara rẹ̀ sí i. Àwọn ọmọ ńkọ́? Ṣé Zubaidat ti gba èsì ìdánwò rẹ̀? Bàbá Ṣùáíbù ńkọ́, ṣé ẹ̀jẹ̀ ríru wọn ti rọlẹ̀? Gbogbo agbo ilé ní Pákàtà, lọ́mọdé lágbà, mo kí yín, mo tún yín kí.

Àwa náà wà, a dúpẹ́. Àmír ọkọ mi ní kí n bá òun kí yín, ó ní òun kò tíì gbàgbé ọbẹ̀ tí ẹ sè fún òun nígbà tí a wá sílé, bẹ́ẹ̀ ó ti pé ọdún mẹ́fà. Bàbá náà wà. Mo fi ti Bàbá kẹ́yìn nítorí pé orí wọn ni gbogbo lẹ́tà yìí dá lé.

Mo mọ̀ pé ẹnu á yà yín nígbà tí awakọ̀ tó ń ná ààlà Gáyà bá fi ìwé lé yín lọ́wọ́, nígbà tí fóònù wà. Lórí fóònù, ẹni tí ohùn rẹ̀ bá ròkè ló ń borí, ohùn Bàbá Ṣùáíbù sì ròkè ju tèmi lọ. Lẹ́ẹ̀mẹta ni mo ti gbìyànjú láti sọ ọ̀rọ̀ yìí fún wọn, lẹ́ẹ̀mẹta ni mo sì ti parí rẹ̀ sí 'ẹ ṣeun, sà'. Nítorí náà ni mo ṣe kọ ọ́. Mo bẹ̀ yín, ẹ kà á tán fúnra yín, lẹ́yìn náà kí ẹ kà á fún wọn láìfo ìlà kankan. Ohun tí mo fẹ́ sọ kò ju èyí lọ: ọkọ̀ tí ẹ fẹ́ rán wá gbé Bàbá ní ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù yìí, kí ó má wá. Bàbá kò ní kó padà sí Ìlọrin.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì ju ìwé náà sílẹ̀.

Ẹ rántí bí ọ̀rọ̀ náà ṣe bẹ̀rẹ̀. Èmi ni mo dá a sílẹ̀, ó sì tọ́ kí ó jẹ́ èmi ni n ó parí rẹ̀. Lẹ́yìn àìsàn tó mú Bàbá lápá ọ̀tún lọ́dún méjì sẹ́yìn, a kó wọn kúrò ní ilé alámọ̀ tí wọ́n ń gbé ní àdúgbò Maourey, a mú wọn wá sọ́dọ̀ wa níbí, níbi tí omi ẹ̀rọ wà tí oníṣègùn kò sì jìnnà. Ara wọn mókun. Ọ̀rọ̀ ẹnu wọn ni kò padà sípò. Bàbá tí kì í jẹ́ kí a pe ṣíbí ní orúkọ Faransé lójú wọn, tí wọ́n ń sọ pé ọmọ Yorùbá kì í sọ èdè mìíràn kó tó jẹun tán, àwọn náà ni Yorùbá, Zarma, Hausa àti kéwú wá pò pọ̀ lẹ́nu wọn bí ìrẹsì àti ẹ̀wà nínú ìkòkò kan.

Nígbà tí òjò ọdún tó kọjá ń kásẹ̀ nílẹ̀, wọ́n bẹ̀rẹ̀ nǹkan kan. Lójoojúmọ́, bí wọ́n bá ti kírun Alásàrì tán, wọn yóò wọ jalàbíà, wọn yóò dé fìlà, wọn yóò mú ọ̀pá, wọn yóò sì lọ dúró sẹ́nu géètì. 'Kwara,' ni wọn yóò wí. 'Ẹ mú mi lọ sí Kwara. Ilẹ̀ ń ṣú lọ.' Bí a bá ní kí wọ́n jókòó, wọn yóò jókòó, ṣùgbọ́n wọn kò ní jẹun alẹ́ dáadáa. Nígbà mìíràn wọn yóò fi ọwọ́ nu ojú. Lọ́jọ́ kan wọ́n jáde tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀, obìnrin tó ń ta omi ló mú wọn padà láti ìsọdá ọ̀nà kẹta, bàtà kan ṣoṣo ló kù lẹ́sẹ̀ wọn.

Alẹ́ ọjọ́ náà ni mo pè yín. Ẹ ó rántí pé mò ń sunkún. Mo ní, 'Bàbá ń bèèrè Kwara. Ilé ń pè wọ́n.' Kí ni ẹlòmíràn ì bá gbọ́? Kwara ni ìpínlẹ̀ wa. Àgbàlagbà tó ti lé lọ́gọ́rin ọdún dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó ń pe orúkọ ilẹ̀ bàbá rẹ̀, ta ni yóò ní kí á tún gbé e yẹ̀ wò? Bàbá Ṣùáíbù pe ìpàdé lórí ẹ̀gbọ́n wọn. Ẹ kun yàrá tó kọjú sí mọ́ṣáláṣí, ẹ wá ọkọ̀ tí ìjókòó rẹ̀ rọ̀, ẹ ní kí Bàbá dé kí ààwẹ̀ tó wọlé. N kò gbàgbé oore yẹn, n kò sì ní gbàgbé rẹ̀ láé. Kò sí ẹni tó hùwà burúkú nínú ọ̀rọ̀ yìí. Etí mi ló ṣe é.

Ẹ mọ̀ mí. Láti kékeré ni ẹ ti ń fi mí ṣẹ̀fẹ̀ pé bí wọ́n bá ní òjò ń rọ̀, Zuhrah á bèèrè pé ta ló rí i. Mo ní ìwé kan tí mo máa ń kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ lójúmọ́ sí. Ní ọ̀sẹ̀ tí ẹ dá ọjọ́ ọkọ̀, mo padà ka ohun tí mo ti kọ láti oṣù Kẹsàn-án, nǹkan kan sì bẹ̀rẹ̀ sí dà mí láàmú. Nínú gbogbo ohun tí mo kọ pé Bàbá sọ, wọn kò dárúkọ Ìlọrin lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Kò sí Pákàtà níbẹ̀, kò sí Ojú Ẹkùn, kò sí odò Àsà. Bẹ́ẹ̀, nígbà tí ara wọn le, Bàbá kì í pe ilé ní Kwara rárá. Wọ́n ti kúrò nílé kí ìjọba tó dá ìpínlẹ̀ náà sílẹ̀. Ìlọrin ni Ìlọrin lẹ́nu wọn. Mo kọ ìbéèrè kan sí ìsàlẹ̀ ojú ewé náà: Ta ló kọ́ Bàbá ní Kwara? Mo sì pa ìwé náà dé. Kí n má purọ́ fún yín, n kò fẹ́ ìdáhùn. Ó ti rẹ̀ mí, ètò sì ti tò.

Ọjọ́ Sátidé kejìdínlógún oṣù tó kọjá ni ìdáhùn wá bá mi lójú títì. Mo fẹ́ lọ ra aṣọ òtútù àti bàtà rírọ̀ fún ìrìn àjò wọn ní ọjà Wadata, mo sì mú wọn dání kí n lè wọ bàtà náà sí wọn lẹ́sẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n sọ bí takisí ibí ṣe rí: gbogbo èrò ló ń pín in. Èèyàn á dúró létí títì, á pe ibi tó ń lọ. Bí ó bá bá ọ̀nà awakọ̀ mu, yóò mi orí. Bí kò bá bá a mu, yóò kọjá bí ẹni tí kò rí èèyàn. Kí n tó la ẹnu, Bàbá ti tẹ̀ síwájú.

'Kwara zeeno,' ni wọ́n wí.

Awakọ̀ náà mi orí, ó sì na ọwọ́ ṣílẹ̀kùn fún wọn bíi pé wọ́n ti jọ ṣàdéhùn. Mo jókòó tì wọ́n, mo sì sọ fún un ní Zarma pé Wadata là ń lọ.

'Ìyá,' ó dáhùn, 'ìlú àtijọ́ ni Bàbá sọ.'

'Èmi ni mo mú wọn jáde.'

'Mo gbọ́. Ta ló dàgbà jù nínú ẹ̀yin méjèèjì?'

Obìnrin kan tó ti jókòó sẹ́yìn pẹ̀lú agbọ̀n tòmátì lórí ẹsẹ̀ rẹ̀ rẹ́rìn-ín mọ́ mi. Ó ní kí n fi awakọ̀ sílẹ̀, pé ẹni tó bá bá arúgbó jiyàn nínú takisí, ẹsẹ̀ ni yóò fi rìn délé.

Ẹ̀gbọ́n mi, ibẹ̀ ni etí mi là. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé, nítorí pé ẹni tí kò gbé ibí kò lè mọ̀ ọ́n. Ní èdè Zarma, kwara ni ìlú, abúlé, àdúgbò. Koira Kano tí à ń gbé yìí, àwọn mìíràn ń pè é ní Kwara Kano, ìlú tó dùn ni ìtumọ̀ rẹ̀. Zeeno ni ohun tó ti pẹ́. Orúkọ ìpínlẹ̀ tiwa wá láti inú orúkọ tí àwọn Hausa ń pe Odò Ọya, kò bá ọ̀rọ̀ Zarma yìí tan rárá. Wọ́n kàn jọra létí ni. Niamey ni wọ́n bí mi sí. Mò ń sọ Zarma láti ìgbà tí mo ti ń rákòrò, mo sì ń fi ẹnu ara mi pe ọ̀rọ̀ náà nígbàkígbà tí mo bá ń wọ takisí bọ̀ wá sílé. Ṣùgbọ́n nígbà tó ti ẹnu Bàbá jáde, Yorùbá ni mo gbọ́, nítorí pé Yorùbá ni mò ń retí lẹ́nu Bàbá. Ó lé ní oṣù mẹ́rin tí wọ́n fi ń bẹ̀ wá pé kí á mú àwọn lọ sí ibi tí takisí kan lè gbé wọn dé kí omi tó hó. Àwa ń wá ọkọ̀ tí yóò gbé wọn kọjá ààlà.

A kò dé Wadata lọ́jọ́ náà. Takisí já wa sílẹ̀ ní orígun Maourey, ìlú àtijọ́ tí awakọ̀ náà wí, oòrùn ti ń pọ́n lẹ́yìn eruku. Bàbá tí mo máa ń di lọ́wọ́ mú láti yàrá dé balùwẹ̀, àwọn ló wá ń ṣíwájú mi. Wọn kò sáré, wọn kò sì dúró. Wọ́n gba ẹ̀yìn ilé tí wọ́n ti ń tún fóònù ṣe, wọ́n fo kòtò ẹ̀gbin kan tí èmi gan-an fẹ́ẹ̀ kó sí, wọ́n yà sí ọ̀nà tóóró kan tí mo ti gbàgbé pé ó wà. Àwọn ọ̀dọ́kùnrin tó ń se tíì lórí èédú fa ẹsẹ̀ wọlé kí ọ̀pá Bàbá lè kọjá. 'Fofo, Baaba,' ni wọ́n ń wí, èyí tó jẹ́ ẹ kú ìrọ̀lẹ́ tiwọn, Bàbá sì ń dá wọn lóhùn láìṣi ọ̀rọ̀ kan mú.

Ilé alámọ̀ kò pọ̀ mọ́ níbẹ̀. Ọ̀kan á wà láàárín ilé alájà méjì, bí eyín tó kù lẹ́nu arúgbó, àwo tẹlifíṣọ̀n á sì wà lórí rẹ̀. Nínú ìwé tí mo ń kà, ìlú àtijọ́ ni ibi tó ní odi àti bodè tí àlejò ń rọ́ wá wò. Maourey kò ní nǹkan tí àlejò lè ya fọ́tò rẹ̀. Amọ̀ ni, òjò sì máa ń jẹ amọ̀. Mò ń rìn lẹ́yìn Bàbá, mò ń bi ara mi pé kí ni ó wá sọ ibẹ̀ di àtijọ́ gan-an, yàtọ̀ sí pé àwa tí a kó kúrò níbẹ̀ ti gbàgbé rẹ̀. N kò tíì rí ìdáhùn nígbà tí Bàbá dúró ní ẹnu ọ̀nà kan, tí wọ́n fi ọ̀pá kan ilẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì.

Télọ̀ kan gbójú sókè lẹ́yìn ẹ̀rọ ìránṣọ. Irùngbọ̀n rẹ̀ ti funfun. Jíbò ni, ọmọ Zarma, òun ni àgbà ọmọ kéwú nígbà tí èmi ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ bí a ti ń di wàláà mú. Ó yọ awò ojú rẹ̀, ó bọ́ téèpù lọ́rùn, ó sì dìde dúró ṣánṣán.

'Alfaga,' ó wí. Bí àwọn Zarma ṣe ń pe àlùfáà nìyẹn.

'Kà,' ni Bàbá dá a lóhùn.

Jíbò wojú mi. Mo wojú rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ló ká ọwọ́ méjèèjì pọ̀ sí àyà, ó di ojú, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ké kéwú pẹ̀lú ohùn tí kì í ṣe ti ọkùnrin ẹni ọgọ́ta ọdún. Nígbà tó dé ìlà kẹta, ó ṣì í. Ọ̀pá kan ilẹ̀. Bàbá fún un ní ọ̀rọ̀ náà, pẹ̀lú gbogbo fífà rẹ̀ àti gbogbo dídúró rẹ̀, ó mọ́ gaara bí ìgbà tí wọ́n jẹ́ ẹni ogójì ọdún. Ní àárọ̀ ọjọ́ yẹn kan náà, Ẹ̀gbọ́n mi, orúkọ ìyá mi tó ti kú ni wọ́n fi pè mí.

'Ibẹ̀ náà lo ti máa ń ṣì í,' ni Bàbá wí fún Jíbò. 'Irùngbọ̀n ti dé, ọ̀rọ̀ kò tíì dé.'

Ìyàwó Jíbò bú sẹ́rìn-ín nínú ilé. 'Ẹ bá mi sọ fún un, Alfaga. Ó ní kò sí ẹni tó mọ̀ ọ́n tó òun ní gbogbo àdúgbò.'

'Obìnrin yìí, bu omi fún àlejò,' ni Jíbò wí, ojú sì tì í bí ọmọdé.

Ìgbà yẹn ni mo tó rántí. Nígbà tí ilé kéwú Bàbá kún, wọn kì í lè gbọ́ gbogbo ọmọ tán láàárọ̀. Ọmọ tí ohun tó ń kọ́ kò bá tíì dúró sí i lórí, Bàbá á sọ pé, 'Màá wá gbọ́ ọ nílé.' Lẹ́yìn Alásàrì wọn yóò mú ọ̀pá, wọn yóò sì rìn láti ẹnu ọ̀nà dé ẹnu ọ̀nà kí ilẹ̀ tó ṣú. Wọn kì í wọlé. Ẹnu ọ̀nà ni ọmọ ti ń kà á, níwájú ìyá rẹ̀ àti àwọn aládùúgbò, ìtìjú yẹn sì ń kọ́ni ju pàṣán lọ. Gbígbọ́ là ń pè é nílé. Bí ìyá mi bá bèèrè Bàbá, a ó ní wọ́n ti lọ sí gbígbọ́. Ó lé ní àádọ́ta ọdún tí wọ́n fi ṣe é, kí a tó kó wọn lọ sí ibi tí omi ẹ̀rọ wà. Nítorí náà ni wọ́n ṣe ń sọ fún wa pé ilẹ̀ ń ṣú lọ. Wọn kò wá ibi tí wọn yóò kú sí. Ẹ̀rù ń bà wọ́n pé àwọn ọmọ ń dúró de àwọn.

Ẹnu ọ̀nà mẹ́rin mìíràn la dé lọ́jọ́ náà. Ní méjì, àwọn àgbàlagbà tí Bàbá kọ́ ní kéwú jáde, wọ́n sì kà á. Ní ìkẹta, obìnrin opó kan tó ń ta àkàrà ni kò lè kà á nítorí ẹkún, Bàbá sì sọ fún un pé kò burú, ọ̀la ń bọ̀. Ilé kẹrin ti di ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta sìmẹ́ńtì. Bàbá kan ilẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n dúró, wọ́n tún kan án. Ọmọkùnrin oníṣọ́ọ̀bù náà ní òun kò mọ ẹni tó ń gbébẹ̀ tẹ́lẹ̀. 'Kò sí nílé,' ni Bàbá wí fún mi, a sì kọjá. A kírun Mọ̀gírìbì pẹ̀lú àwọn Jíbò, a wọ takisí padà. Àwo tuwó wọn mọ́ féfé lálẹ́ ọjọ́ náà, wọ́n sì bèèrè òmíràn.

Ẹ̀yin yóò sọ pé ọjọ́ kan kì í ṣe ẹ̀rí. Èmi náà sọ bẹ́ẹ̀. Mo padà mú wọn lọ lẹ́ẹ̀mẹrin. Mo tún sọ fún ara mi pé, Zuhrah, ṣé kì í ṣe ìwọ ni o kò fẹ́ kí Bàbá lọ, tí o wá ń wá ọ̀rọ̀ Zarma tí yóò gbè ọ́ lẹ́yìn? Mo ronú sí i gan-an. Òótọ́ ni pé n kò fẹ́ kí wọ́n lọ. Èmi nìkan ni ọmọ tó kù sí wọn lọ́wọ́ níbí, ilé yóò ṣófo. Ṣùgbọ́n ohun tí mo fẹ́ àti ohun tó tọ́ lè jọ wà lójú kan náà, ìyẹn kò sọ ọ́ di irọ́.

Ní ọjọ́bọ̀ tó kọjá, a jókòó sórí pèpéle iwájú ilé àtijọ́ wa. Ẹlòmíràn ló ń gbé inú rẹ̀ báyìí, ó sì fi àyè gbà wá. Mo pinnu pé n ó bi Bàbá lójúkojú, kí n má baà gbé ọ̀rọ̀ lé wọn lẹ́nu. N kò sì ní fi ìdáhùn wọn pa mọ́ fún yín, bí kò tilẹ̀ gbè mí tán.

'Bàbá, ṣé ẹ fẹ́ lọ sí Ìlọrin?'

'Ìlọrin?' Wọ́n gbé ọ̀pá lé orúnkún. 'Ìyá mi ńkọ́? Ṣé wọ́n ti jẹun?'

Ẹ mọ ọdún tí ìyá àgbà kú. Ẹ̀yin gan-an lẹ kọ́ mi ní àdúà tí mo ṣe lọ́jọ́ náà.

'Wọ́n ti jẹun, Bàbá.'

'Kí wọ́n má dúró dè mí,' ni wọ́n wí. 'Mo ní iṣẹ́ níbí.'

Lẹ́yìn náà wọ́n fi ọ̀pá tì mí pé kí n dìde, pé Jíbò ń retí.

Ó dájú pé Ìlọrin wà lọ́kàn wọn. Ṣùgbọ́n Ìlọrin tó wà lọ́kàn wọn ni èyí tí ìyá wọn ṣì ń jẹun nínú rẹ̀, kò sì sí ọkọ̀ tó ń ná ibẹ̀. Bí a bá gbé wọn dé Pákàtà lónìí, wọn yóò wọ jalàbíà lẹ́yìn Alásàrì, wọn yóò dúró sẹ́nu géètì yín, wọn yóò sì máa bèèrè Kwara. Ẹ̀yin yóò máa dá wọn lóhùn pé, 'Bàbá, inú rẹ̀ la wà yìí.' Ẹ wo bí yóò ti rí lára wọn.

Mo mọ ohun tí Bàbá Ṣùáíbù yóò wí, wọ́n ti wí i lórí fóònù: àjò kì í dùn kí onílé má relé. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n òwe náà kò sọ ibi tí ilé wà. Wọn yóò tún ní kí á má lọ sin ẹ̀gbọ́n àwọn sí ilẹ̀ àjèjì. Ìyá mi wà nínú ilẹ̀ yẹn, ilẹ̀ Ọlọ́run kan náà ni. Ní ti ohun tí ará àdúgbò yóò sọ, pé àwọn ọmọ fi bàbá wọn sílẹ̀ lẹ́yìn odi, kí ẹ ní èmi ni mo kọ̀. Oníṣègùn ti sọ fún mi pé àìsàn náà yóò máa tẹ̀ síwájú. Ọjọ́ kan lè wà tí Bàbá kò ní dá Jíbò mọ̀. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀. Nítorí pé ọjọ́ yẹn ń bọ̀ ni n kò fi ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gba èyí tó kù lọ́wọ́ wọn.

A ti ṣètò rẹ̀. Mo ti bẹ ọ̀gá mi níbi iṣẹ́ kí n máa tètè jáde, ó kùn díẹ̀ ṣùgbọ́n ó gbà. Ọjọ́ tí n kò bá ráyè, Àmír yóò mú Bàbá lọ. Ó ti mú wọn lọ lẹ́ẹ̀kan, Bàbá sì ní kí òun náà kà, ó ṣì í níbi púpọ̀, kò tíì sinmi àròyé títí di òní. Jíbò máa ń bá wa wá takisí nígbà tí a bá ń padà. Ó ní òun ti lọ pe àwọn tó kọ́ kéwú pẹ̀lú òun tẹ́lẹ̀, àwọn tó ti kó lọ sí Bobiel àti òdìkejì odò, pé kí wọ́n máa wá dúró sí ẹnu ọ̀nà òun ní ìrọ̀lẹ́. Ní àná, àwọn mẹ́ta ló wá. Ọ̀kan nínú wọn jẹ́ adájọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, Bàbá sì dá a dúró lórí ìlà kan náà títí ó fi mọ̀ ọ́n.

Ohun kan ni mo fẹ́ bẹ̀ yín. Ọkọ̀ náà, kí ó má ṣòfò. Kí ó gbé Bàbá Ṣùáíbù wá sọ́dọ̀ wa dípò kí ó wá gbé Bàbá lọ. Kí wọ́n wá kí ààwẹ̀ tó wọlé, kí wọ́n fojú ara wọn rí i, kí wọ́n rìn tẹ̀ lé ẹ̀gbọ́n wọn ní ìrọ̀lẹ́ kan ṣoṣo. Lẹ́yìn náà, bí wọ́n bá ṣì fẹ́ bínú, mo wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ kìlọ̀ fún wọn kí wọ́n tún kéwú wọn kà dáadáa kí wọ́n tó gbéra, nítorí pé Bàbá ló kọ́ wọn, Bàbá yóò sì gbọ́ ọ lẹ́nu wọn.

Ẹ bá mi kí àwọn ọmọ. Ẹ bá mi kí Ìyá Àsíyàt aládùúgbò yín tó ń fi kúlíkúlí ránṣẹ́ sí wa, ẹ sọ fún wọn pé ó dé láìfọ́. Ẹ kí gbogbo àwọn tó wà níbi ìpàdé náà lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ sì bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, nítorí pé ìfẹ́ ni wọ́n fi ṣe gbogbo rẹ̀. N kò kọ irú lẹ́tà báyìí sí ẹnikẹ́ni rí, pàápàá sí ẹ̀yin tí ẹ pọ̀n mí. Mo ti kà á lẹ́ẹ̀mejì láti wò ó bóyá ọ̀rọ̀ kan wà tí mo lè rọ̀. N kò rí i. Bí wọ́n bá bèèrè nínú agbo ilé pé ta ló ní kí Bàbá má wá, ẹ má dárúkọ àìsàn, ẹ má dárúkọ Àmír, ẹ má sì sọ pé ọ̀nà kò dára.

                                                            Èmi ni,
                                                            àbúrò yín,
                                                            Zuhrah ọmọ Yàqúb.